Ohun Tó Ń Mú Àmàlà Dúdú

Ìbéèrè: Funfun ni iṣu tí wọ́n fi ń ṣe èlùbọ́, kí ló wá dé tí àmàlà fi ń dúdú? Ṣé àwọn tó ń tà á ló ń po nǹkan mọ́ ọn ni?

Ìdáhùn: Inú iṣu gan-an ni àwọ̀ náà ti ń wá. Bí wọ́n bá ti bẹ iṣu, èròjà inú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní polyphenol máa ń pàdé afẹ́fẹ́, ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tó ń mú kí ìyípadà yára nínú ohun ẹlẹ́mìí, a sì sọ ọ́ di aláwọ̀ ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bọ iṣu náà nínú omi tó gbóná ṣùgbọ́n tí kò hó, tí wọ́n ń fi í sínú omi yẹn di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó sá a sóòrùn títí yóò fi di gbodo, ìyẹn iṣu gbígbẹ tó le koránkorán, ni àwọ̀ náà ń jinlẹ̀ sí i. Èlùbọ́ tí wọ́n lọ̀ láti inú gbodo, tó dà bí eérú lórí àtẹ, máa ń ṣú lójú ẹsẹ̀ tó bá kan omi híhó.

Àmàlà láfún, tí àwọn Ẹ̀gbá fẹ́ràn, máa ń funfun, nítorí gbágùúdá rírẹ ni. Nígbà tí iṣu bá wọ́n, àwọn ìdílé kan a máa po láfún mọ́ èlùbọ́ iṣu, àmàlà wọn kì í sì í dúdú púpọ̀. Ọgbọ́n ìṣúná ni, kò sì burú, bí ẹni tó ń tà á kò bá ti fi pamọ́ fún ẹni tó ń rà á. Ohun tó yẹ kí olùrà ṣọ́ra fún ni gbodo tí kò gbẹ dénú, nítorí a máa bu, wọ́n sì lè fi imú mọ̀ ọ́n.