Bí Igi Imú Bá Ṣẹ́, Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọjọ́ Kọjá



Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wa ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Alaasari. Ó ní, “Alàájì, ẹ bá mi wá oògùn imú tó le ju èyí lọ.” Oògùn tí à ń kán sí imú ló mú dání, ó ti ń kán an fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní òun ṣubú lórí ọ̀kadà, òun sì fi imú gbálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dá, imú tó wú fọ̀, gbogbo ilé ṣọpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ihò imú òsì rẹ̀ kò gba atẹ́gùn mọ́. Bí ó bá ń ṣe àlùwàlá, agbára káká ni omi fi ń wọ ibẹ̀. Lóru, ẹnu ló fi ń mí.

Ẹ̀yin ará, kò sí oògùn tó lè to ohun tó ti wọ́. Eegun ni òkè igi imú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti etí. Ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló pín ihò méjèèjì níyà. Bí nǹkan bá gbá imú, eegun lè ṣẹ́, ògiri náà sì lè wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó dí ọ̀nà atẹ́gùn. Awọ inú imú tó wú nìkan ni oògùn ìkánmú ń mú fọ̀. Bí a bá sì lò ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, imú a tún máa dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìgbà mẹ́ta ni kí a fi sọ́kàn.

Èkíní ni ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Kí ẹni náà jókòó, kí ó tẹ orí síwájú, kí ó fún ibi tó rọ̀ ní imú pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Kí ó má gbé orí sẹ́yìn. Paracetamol ni kí ó lò fún ìrora, kì í ṣe aspirin, nítorí pé aspirin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Bí imú bá dí pátápátá tí ìrora ń pọ̀ sí i, tí nǹkan pupa rírọ̀ wú nínú ihò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti sá sábẹ́ awọ ògiri àárín nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an kí dókítà fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Bí a bá fi sílẹ̀, ó lè di ọyún, kí ògiri náà jẹrà, kí igi imú sì rì. Bákan náà, bí omi tó mọ́ gaara bá ń kán láti imú, tàbí tí ẹni náà dákú, ẹ má dúró rárá.

Èkejì ni ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Nígbà tí wíwú bá fọ̀ díẹ̀, ẹ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Bí eegun bá wọ́, ó lè fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ó mọ ìrora, kí ó sì tò ó padà láìla ara. Fún àgbàlagbà, kí èyí má ju nǹkan bí ọjọ́ 14 lọ. Eegun ọmọdé yára mọ́ra, kí tirẹ̀ má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ fà á nílé. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ̀kẹta ni ìgbà tí eegun bá ti mọ́ra ní wíwọ́. Iṣẹ́ abẹ ló kù, dókítà a sì máa ń dúró fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí ojú ọgbẹ́ inú lè jinná. Inú ihò imú ni wọ́n ń gbà: wọn a ṣí awọ ògiri àárín, wọn a tò ó tàbí kí wọ́n gé ibi tó wọ́ kúrò, wọn a sì dá awọ padà. Bí eegun ìta náà bá wọ́, wọn a tún un ṣe pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ lè yọ, ògiri lè lu, nígbà mìíràn a sì nílò àtúnṣe. Ẹ bi dókítà léèrè dáadáa.

Àwọn kan ń bi wá pé ṣé èyí kì í ṣe yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà? Rárá o, ìwòsàn ni. Nígbà tí imú ‘Arfajah ọmọ As‘ad gé lójú ogun, ó fi fàdákà ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n ó ń rùn. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí ó fi wúrà ṣe é, bẹ́ẹ̀ wúrà jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin. Abū Dāwūd àti At-Tirmidhī ló gbà á wá.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí aláìsàn má fa omi sí imú títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Nínú mazhabu Imam Mālik tí púpọ̀ nínú wa ń tẹ̀lé, sunna ni fífa omi sí imú, àlùwàlá kò bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Bí ìforíkanlẹ̀ bá lè mú ẹ̀jẹ̀ yọ, kí ó bi àáfà rẹ̀ léèrè bí yóò ṣe fi ìtẹríba kírun.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti rí dókítà, ó ń dúró de iṣẹ́ abẹ. Ká ní ó tètè wá ni, bóyá títò lásán ni ì bá jẹ́. Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà. Āmīn.