Ẹ̀rọ BVAS Kò Mọ Ẹni Tí Ẹ Dìbò Fún

Ẹ̀yin ará Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa dé Òde-Ìrèlè, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ yìí kí ìbò 2027 tó dé. Bí ẹnikẹ́ni bá fún yín lówó "dìbò kó o sebẹ̀", tó tún lérí pé òun yóò yẹ inú ẹ̀rọ wò láti mọ ẹgbẹ́ tí ẹ tẹ̀ka fún, irọ́ gbuu ló pa.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni BVAS, ẹ̀rọ ìyẹ̀wò olùdìbò, ń ṣe. Ó ń fi ìka tàbí ojú dá olùdìbò mọ̀. Ó ń ka iye àwọn tó dá mọ̀. Bí wọ́n bá ka ìbò tán, òun ni wọ́n fi ń ya fọ́tò fọ́ọ̀mù èsì EC8A ránṣẹ́ sórí IReV, ojú-òpó èsì ìbò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí tolórí tẹlẹ́mù ti lè wò ó. Orí ìwé lẹ ṣì ń tẹ̀ka sí, ọwọ́ ènìyàn ló sì ń ka ìwé náà. Fóònù tí ẹ bá gbé wọ ibi ìtẹ̀ka ló lè tú àṣírí yín. INEC, àjọ elétò ìdìbò, sì ti kà á léèwọ̀.

Ní ti ìka tí BVAS ń wò, ẹni tó ń ṣe epo, tó ń bó ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́, ìlà ìka rẹ̀ lè ti pa rẹ́. Ní 2015, ẹ̀rọ tó ṣáájú BVAS kò dá ìka Ààrẹ Goodluck Jonathan pàápàá mọ̀ ní Otuoke. Bí ó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú lọ sílé. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ INEC fi ẹ̀rọ wo ojú yín.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ẹ̀rọ di òrìṣà. Ní oṣù kẹsàn-án 2020, iná jó ẹ̀rọ ìyẹ̀wò tó lé ní 5,000 ní ọ́fíìsì INEC ní Àkúrẹ́, nígbà tí ìbò gómìnà ku oṣù kan péré. Ní ọjọ́ 25, oṣù kejì 2023, èsì ìbò ààrẹ kò gun orí IReV lásìkò. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ní ìyẹn nìkan kò tó láti fagi lé ìbò.

Àwọn kan ní kí a kúkú máa tẹ bọ́tìnì dìbò, bí Kàdúná ti ṣe níbi ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní 2018. Kí a rọra o. Namibia lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 2014. Ní 2020, ilé-ẹjọ́ wọn ní ẹ̀rọ tí kò fi ìwé ẹ̀rí sílẹ̀ kò bófin mu. Ní 2009, ilé-ẹjọ́ Jámánì ti ní ó yẹ kí ará ìlú lásán lè yẹ ìbò wò láìjẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà.

Nítorí náà, bí ẹ bá dìbò tán, ẹ dúró wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ gbọ́ iye ènìyàn tí BVAS yẹ̀ wò. Ìbò kò gbọdọ̀ jù ú lọ. Ẹ ya fọ́tò èsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibùdó, kí ẹ fi wé ti IReV. Bí kò bá dọ́gba, ẹ gbé fọ́tò náà fún aṣojú ẹgbẹ́ yín. Ẹ má fọ́ ẹ̀rọ: ibi tí wọ́n bá ti fọ́ ọ, ìbò àwọn ará ibẹ̀ gan-an ló máa ń ṣòfò. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n kà lójú rẹ̀, ó ṣòro láti fi ẹ̀rọ tàn án.