Ìjókòó àti Ibi Ìkẹ́rùsí nínú Ọkọ̀ Ojú Ọ̀sà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń gba ojú ọ̀sà kó kòkó lọ sí Èkó, ẹ jẹ́ kí a yẹ inú ọkọ̀ yín wò. Kòkó tí a sá gbẹ dáadáa, omi inú rẹ̀ kì í ju ìdá 8 nínú 100 lọ. Bí ó bá rin ju èyí lọ, yóò bu, ẹni tí ń yẹ kòkó wò yóò sì kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ oṣù púpọ̀ lè ṣòfò nítorí omi díẹ̀ tí ó dúró ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Ẹ la oparun sí méjì, kí ẹ tò ó sórí igi ìdábùú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè. Kí ó ga tó ìbú ọwọ́ kan. Okùn ni kí ẹ fi dì í. Ẹ má ṣe kan ìṣó mọ́ ara ọkọ̀, nítorí ibi tí ìṣó bá gbà wọlé, omi mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún igbá tí a fi ń gbọ́n omi. Mo ti rí ẹni tí ó tò ó dí pátápátá, tí ó sì ń tú ẹrù kiri láàárín ọ̀sà.

Ní ti ìjókòó, àpótí pákó onídèérí ni ó dára jù: a jókòó lé e, aṣọ àti oúnjẹ sì wà nínú. Kí ìdérí yọ kọjá ẹnu àpótí ní ìbú ìka méjì, kí òjò lè ṣàn kúrò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ga ju etí ọkọ̀ lọ, kí ọkọ̀ má baà dojú dé. Epo àtùpà kò gbọdọ̀ sún mọ́ kòkó rárá, nítorí kòkó a máa fa òórùn mọ́ra.