"Ó Ṣahun" Kì í Ṣe "Ahun Ni"

Lọ́jọ́ ọdún Ojúde Ọba, ìyẹn ọjọ́ kẹta Iléyá, bí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ojúgbà) bá gbé aṣọ òkè wọ̀ tí wọ́n ń jó bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ohun tí òǹwòran ń sọ ni pé, "Ìjẹ̀bú mọ owó ná!" Kò ní pẹ́ tí oníṣòwò Ìjẹ̀bú kan yóò kọ̀ láti dín owó ọjà, ẹnu kan náà á sì ní, "Ìjẹ̀bú láhun." Gbólóhùn méjèèjì ta ko ara wọn, síbẹ̀ kò ká ẹnikẹ́ni lára. Ìdí ni pé orúkọ ẹ̀yà tí a kò fi "gbogbo", "púpọ̀ nínú" tàbí "àwọn kan" kún kò sọ iye ẹni tọ́rọ̀ kàn. Kò sí ẹ̀rí tó lè bi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣubú.

"Ló" tiẹ̀ tún burú sí i. "Ìjẹ̀bú láhun" kò kan Ẹ̀gbá tàbí Èkìtì; ẹni tó bá ní "Ìjẹ̀bú ló láhun" ti yọ gbogbo ìyókù kúrò níbẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni "ṣe" àti "ni". "Ó ṣahun" ń sọ ohun tẹ́nìkan ṣe lọ́jọ́ kan. A ṣì lè bi í pé kí ló dé, bóyá gbèsè ló wà lọ́rùn rẹ̀. "Ahun ni" ń sọ irú ẹ̀dá tó jẹ́, ìbéèrè sì parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ó ṣọ̀lẹ" àti "ọ̀lẹ ni".

Bí àpẹẹrẹ, ní 1966, Robert LeVine, onímọ̀ ìwà àti àṣà ẹ̀dá láti Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde, Dreams and Deeds. Ó ní kí àwọn ọmọkùnrin ilé ẹ̀kọ́ girama, Ígbò, Yorùbá àti Hausa, kọ àlá wọn sílẹ̀, ó sì ń wá ìtara àṣeyọrí níbẹ̀. Ígbò ló ṣáájú, Yorùbá ìhà gúúsù tẹ̀ lé wọn, Hausa gbẹ́yìn. Àlá ọmọ ilé ìwé ló kà. Òun fúnra rẹ̀ wá ìdí rẹ̀ sínú ọ̀nà tí àwùjọ kọ̀ọ̀kan fi ń gbé ènìyàn dé ipò. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ti rọrùn tó láti fo láti "àwọn wọ̀nyí ṣe báyìí" dé "bí wọ́n ṣe rí nìyẹn", àti láti ibẹ̀ dé "ipò báyìí kò tọ́ sí wọn". Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Ti Ìjẹ̀bú náà nídìí. Àárín ọ̀sà àti ilẹ̀ òkè ni ilẹ̀ wọn wà. Títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọn ní 1892, ọwọ́ wọn lọjà ń gbà kọjá, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò dá ọ̀nà náà gbà. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà kò ní ṣàìmọ iye tí nǹkan tó. A lè sọ pé, "Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú sábà máa ń ṣọ́ owó," ká sì wá ẹ̀rí rẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀kan. Láti ìgbà tí ọ̀ràn owó irọ́ tí àwọn díẹ̀ ṣe ti ba orúkọ Ìjẹ̀bú jẹ́ láyé ìjọba amúnisìn, àwọn kan ń pe ọjà tí kì í ṣe ojúlówó ní "ìjẹ̀bú". Odindi ìlú ni wọ́n fi ṣe orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn díẹ̀. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún irú ọjà bẹ́ẹ̀ tipẹ́: ayédèrú.