Bí Afẹ́fẹ́ Bá Rọ̀ Lórí Omi

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà, ní Òkokomáìkò, ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti fi ọkọ̀ ìgbòkun bá ẹgbẹ́ yín díje, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń bẹ̀rù ni mo fẹ́ bá yín sọ: ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ rọ̀, tó fẹ́ díẹ̀ láti ìhín, tó tún fẹ́ díẹ̀ láti ọ̀hún. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá le, ọmọ tó ga tó sì wúwo ló sábà máa ń borí, torí òun ló lè fi ara tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ kò béèrè agbára. Ojú àti sùúrù ló ń béèrè.

Lọ́dún 2021, Esther Toko àti Ayomide Bello gbé orúkọ Nàìjíríà lọ sórí omi ní Òlíńpíìkì Tokyo, apá ni wọ́n sì fi wa ọkọ̀ tiwọn. Ti ìgbòkun yàtọ̀. Optimist, ọkọ̀ tí àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 15 lọ fi ń díje káàkiri ayé, kò gùn ju mítà 2.36 lọ, ìgbòkun kan ló ní. Clark Mills ló ya á ní Florida ní 1947, kí owó rẹ̀ má baà wọ́n jù fún àwọn ọmọdé.

Lagos Yacht Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ìgbòkun ṣeré, ti wà láti 1932, ẹ̀kọ́ ńlá sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wà nítòsí yín ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn apẹja Ègùn tó ń ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán, lórí omi tó ti Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì wá kọjá níwájú Ọ̀jọ́. Wọ́n mọ̀ pé afẹ́fẹ́ àárọ̀ máa ń rọ̀, àti pé bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, ti òkun á gba gúúsù ìwọ̀-oòrùn wọlé. Nígbà ọyẹ́, ti àárọ̀ lè wá láti àríwá ìlà-oòrùn, kí ọ̀sán tó pọ́n kó ti yí padà pátápátá. Inú ìyípadà yẹn ni eré ti máa ń bàjẹ́ mọ́ ẹni tó tẹjú mọ́ imú ọkọ̀ rẹ̀ nìkan.

Ẹ gbójú sókè. Ibi tí ojú omi bá ti dúdú, tó ń hun jọ, afẹ́fẹ́ ń bọ̀ níbẹ̀. Ibi tó ń dán bí epo, ẹ yà fún un. Ẹ wo èéfín àwọn ìyá tó ń yan ẹja létí omi, ẹ wo imọ̀ àgbọn: ibi tí wọ́n bá tẹ̀ sí ni afẹ́fẹ́ ń lọ.

Ọkọ̀ ìgbòkun kò lè dojú kọ afẹ́fẹ́ tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà á, ní nǹkan bíi digírì 45, á máa yí sápá ọ̀tún, á máa yí sápá òsì títí á fi dé ibi àmì tí wọ́n gbé sórí omi fún eré. Bí afẹ́fẹ́ bá yí tó sì ń ti imú ọkọ̀ yín kúrò lọ́nà àmì, ẹ yí sápá kejì. Bó bá ń gbé e sún mọ́ àmì, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀ kí ẹ tó yí o, torí yíyí kọ̀ọ̀kan ń pa eré ọkọ̀, ó sì ń pẹ́ kó tó jí padà. Ẹ sún síwájú díẹ̀ kí ìdí ọkọ̀ má baà máa wọ́ omi. Ẹ dẹ okùn ìgbòkun. Ọmọ tí inú ń bí máa ń fa okùn yẹn le koko, ọkọ̀ á sì dúró.

Èyí tó ká mi lára jù nìyí. Bí afẹ́fẹ́ bá kú, ẹlòmíràn á máa mi ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì, á máa fi ìtọ́kọ̀ gbo omi, kó lè rìn. Òfin 42 nínú òfin ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun kọ̀ ọ́: afẹ́fẹ́ àti omi ni kó gbé ọkọ̀. Níbi tí adájọ́ ti ń ṣọ́ yín, wọ́n á na àsíá yẹ́lò sí yín, ẹ ó sì yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ṣọ́ yín, ẹ má ṣe é. Mo bẹ̀ yín, ipò kẹwàá tó mọ́ sàn fún ọmọ mi ju ipò kìíní tó jí gbé lọ.

Omi tiwa yìí ń kún, ó sì ń fà, nítorí òkun ń gba ẹnu èbúté Èkó wọlé. Bí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, omi tó ń fà lè lágbára jù ú lọ. Àárín odò ló ti ń sáré jù, nítorí náà bó bá kọjú ìjà sí yín, ẹ gba etí. Bí ọkọ̀ bá sì ń padà sẹ́yìn, òfin gbà yín láyè láti ju ìdákọ̀ró. Ẹni tó dúró nígbà tí àwọn yòókù ń fà sẹ́yìn ti ń ṣáájú wọn nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún ewé olódòdó elése àlùkò tí wọ́n kọ́kọ́ rí lórí omi Àgbádárìgì ní 1984. Ìdì rẹ̀ kan lábẹ́ ọkọ̀ tó láti pa gbogbo eré yín. Ẹ sì wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ rọ̀. Jíjìn omi kò torí ìyẹn dín kù.

Lọ́jọ́ Sátidé, kí oòrùn tó mú, ẹ lọ sí etí omi Ọ̀jọ́. Ẹ kí àwọn àgbà apẹja bó ṣe yẹ, ẹ ní, "Ọkọ̀ á rèfò o." Lẹ́yìn náà kí ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí afẹ́fẹ́ òkun ti máa ń kọ́kọ́ kan omi lápá ọ̀dọ̀ wọn, àti ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó ta ìgbòkun.