Ibi Tí Ẹ̀yìn Kò Ti Ṣeé Padà Sí

Àwọn àgbà ní bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a máa ṣeé padà sí. Òwe yìí ti yọ ọ̀pọ̀ èèyàn nínú wàhálà, ṣùgbọ́n ó ní ààlà, àwọn tó ń wa bàlúù kékeré ló sì mọ ààlà náà jù. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú ní kété tí ọkọ̀ gbéra, tí kò tíì ga, ẹ̀yìn gan-an ni ewu wà.

Bàlúù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú kì í já lulẹ̀ bí òkúta. Ìyẹ́ rẹ̀ ṣì lè gbé e, bí eré rẹ̀ bá ṣì tó. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá dẹ̀gbẹ́ láti yí padà, eré tí ìyẹ́ ń fẹ́ á pọ̀ sí i, gíga tó kù á sì máa tán. Bí eré ò bá tó mọ́, ọkọ̀ á dojú délẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ létí: rẹ imú ọkọ̀ sílẹ̀, di eré mú, wá ibi tó tẹ́jú níwájú.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2015, irú èyí ṣẹlẹ̀ sí Harrison Ford, òṣèré sinimá Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 72 nígbà náà. Bàlúù àtijọ́ kan tó ti wà láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ló gbé kúrò ní pápákọ̀ Santa Monica, ní California. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi dákẹ́. Ó kọ́kọ́ ké sí ilé ìṣọ́ pé òun ń padà bọ̀. Nígbà tó rí i pé òun kò ní lè débẹ̀, kò ṣe agídí. Pápá gọ́ọ̀fù tó wà nítòsí ló forí lé. Ọkọ̀ gbá orí igi, ó sì balẹ̀ gbì. Ọkọ̀ bàjẹ́, awakọ̀ fara pa gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò bọ́. Bí orí bá pé, a ó rí fìlà dé.

Àjọ NTSB, tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, rí i pé jẹ́ẹ̀tì kan (irin kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá) nínú kabúrétọ̀ ló tú kúrò lójú ihò rẹ̀, tí epo tó ń dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ fi pọ̀ jù, tí ẹ́ńjìnnì sì kú. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ nílé mọ bí jẹ́ẹ̀tì ti kéré tó. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìyẹ. Ó ti tó ọdún 17 nígbà náà tí wọ́n ti tún kabúrétọ̀ náà ṣe kẹ́yìn. Bẹ́líìtì èjìká tí wọn kò so mọ́ ọkọ̀ bó ṣe yẹ ló tún mú kí ìfarapa náà le sí i.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ka “kò tíì yọ wá lẹ́nu rí” sí àyẹ̀wò. Ẹ tú ẹ̀rọ yín, ẹ wò ó, ẹ dè é le. Lẹ́yìn náà, ẹ pinnu kí ẹ tó gbéra. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ a máa sọ ọ́ fún ara rẹ̀ nílẹ̀ pé: “Bí ẹ́ńjìnnì bá kú kí n tó ga tó báyìí, n kò ní yí padà.” Bákan náà ni oníṣòwò lè kọ ọ́ sílẹ̀, kí owó tó kúrò lápò, iye tí yóò sọnù kí òun tó jáwọ́. Bí ìdààmú bá ti dé, ohun tí a ti pinnu tẹ́lẹ̀ nìkan ni ọwọ́ máa ń ráyè ṣe.