Àkànní, Má Pa Compiler Lẹ́nu Mọ́

Àkànní ọkọ mi, súnmọ́ ibí. Ta ló fi -w sínú Makefile yìí? Ìwọ náà ni, má wo ilẹ̀. Compiler ń bá ọ sọ̀rọ̀, o sì fọwọ́ bò ó lẹ́nu. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ọmọ mi. Yọ ọ́ kúrò, fi -Wall dípò rẹ̀, ká jọ ka ohun tó ń wí.

Ẹn-ẹ́n, wò ó. "_POSIX_C_SOURCE" redefined. Ẹnì kan ti fún orúkọ yìí ní iye kan, ẹlòmíràn wá fún un ní iye mìíràn. Dúró ná, má tíì máa gbé ìlà sókè sódò bí o ṣe máa ń ṣe. Ìlà "note" kan wà lábẹ́ ìkìlọ̀ yẹn tí o kì í kà. Kà á. Ó ní features.h ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di 200809L, kí pyconfig.h ti Python 2.7 tó wá sọ ọ́ di 200112L. Ọdún àti oṣù ni nọ́ńbà wọ̀nyẹn: oṣù kẹsàn-án 2008 àti oṣù kejìlá 2001, ẹ̀dà ìlànà POSIX méjì. Python àtijọ́ tí wọ́n ní kí o máa tọ́jú yìí ń fẹ́ ti 2001. stdio.h tí o kọ síwájú Python.h ti mú ti 2008 wọlé.

"Ṣùgbọ́n Àǹtí, ó ń ṣiṣẹ́." Mo gbọ́. Ìwé àwọn tó ṣe Python sọ ọ́ kedere pé Python.h gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo header tó bá C wá. Gbé e lọ sókè pátápátá. Ṣé o rí i? Ìkìlọ̀ yẹn ti lọ.

Fáìlì kejì yìí ló ń dùn mí jù. O lo strdup. O mọ̀ pé lábẹ́ -std=c99, string.h kì í fi strdup hàn bí èèyàn kò bá béèrè, o sì kọ #define _POSIX_C_SOURCE 200809L. O káre, inú mi dùn síyẹn. Àmọ́ ibo lo kọ ọ́ sí? Abẹ́ stdio.h! Àkànní! Ohun tí àwọn header glibc ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n pe features.h, òun ló sì ń pinnu function tí wọn yóò fi hàn ọ́ àti èyí tí wọn yóò fi pamọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń pinnu. Bí header mìíràn bá tún pè é nínú fáìlì kan náà, compiler á fò ó kọjá ni. Nígbà tí define tìrẹ fi dé, wọ́n ti pín oúnjẹ tán, ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé abọ́ bọ̀. string.h wọlé láìmú strdup dání, compiler sì pariwo: implicit declaration. O pa á lẹ́nu.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ariwo yẹn ń gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. C àtijọ́ gbà pé function tí ẹnikẹ́ni kò kéde, int ló ń dá padà. Lórí ẹ̀rọ rẹ yìí, bíìtì 32 ni int, bíìtì 64 ni àdírẹ́sì. Ìdajì àdírẹ́sì tí strdup fún ọ ti já dànù kí o tó fọwọ́ kàn án. Ibi tí Segmentation fault tó ń pa ètò rẹ ti ń wá nìyẹn, tí o ń fi gbogbo òru wá a nínú kóòdù tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. C99 ti yọ àṣà yẹn kúrò nínú èdè náà. GCC kàn ń fi ìkìlọ̀ rọra bá yín lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Clang 16 sọ ọ́ di àṣìṣe ní 2023, GCC 14 ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé compiler ibi iṣẹ́ yín ga, kò ní gba kóòdù yìí rárá.

Ìlà àkọ́kọ́ ni kí define yẹn wà, kó tó kan header kankan. O tún lè fi -D kọ ọ́ sínú Makefile fún gbogbo fáìlì, àfi fáìlì Python yẹn o, torí pyconfig.h á tún bá a jà.

Header akojo.h tí o kọ fúnra rẹ ńkọ́? O dárúkọ struct stat nínú rẹ̀, o ò sì pe sys/stat.h. Ó wá ku kí gbogbo ẹni tó bá lò ó máa rántí èwo ló ń ṣáájú èwo. Ìyà kí lo fi ń jẹ wọ́n bẹ́ẹ̀? Kí header pe ohun tó bá nílò fúnra rẹ̀. Nínú akojo.c, fi akojo.h ṣáájú stdio.h àtàwọn yòókù, kí àlébù rẹ̀ lè hàn níbẹ̀, lójú ìwọ tó ni ín. Bí o kò bá mọ header tó ń fa òmíràn wọlé, gcc -H á tò wọ́n fún ọ, á fi iye àmì ìdánudúró (.) sọ bí wọ́n ṣe jìn tó.

Ẹ̀dà Windows ló kù. clang-format lo lò, àbí? Ó to àwọn header ní a-b-d, windows.h sì bọ́ síwájú winsock2.h. Bẹ́ẹ̀ windows.h máa ń fa winsock.h àtijọ́ wọlé, òun àti winsock2.h kì í gbé pọ̀. MinGW tiẹ̀ bẹ̀ ọ́ níbí pé kí o kọ winsock2.h ṣáájú. Dá a padà sókè, fi ìlà òfìfo kan sáàárín àwọn méjèèjì kí clang-format má tún wọn tò, kí o sì kọ ìdí rẹ̀ sí comment lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, torí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ kò ní rí èmi bi.